Ẹ̀kán Òróró Kan fún Ẹ̀rọ Ìránṣọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní oṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti ọmọ títọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní kẹ̀kẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní máṣíìnì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní i nínú yàrá. Òmíràn nínú yín, ìyá rẹ̀ ni ó rà á fún un nígbà tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Òmíràn fi owó èsúsú rà á. Òmíràn sì gbà á ní ọjọ́ tí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà dé ọwọ́ yín, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ó ń rán aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ. Òun ni ó ń dín owó télọ̀ kù nígbà ọdún. Òun náà ni ó sì ń di owó ọbẹ̀ nígbà tí owó oṣù baálé bá pẹ́ kí ó tó dé.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé ni ẹ ó ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ tí a fi aṣọ bò sí igun yàrá, tí a ń kó ẹrù lé lórí bí tábìlì. Bí ẹ bá bi onílé, yóò ní ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá tú u wò, lọ́pọ̀ ìgbà ni kì í rí irin kan tí ó ṣẹ́. Ohun tí yóò rí ni òróró tí ó ti dì bí oje igi, eruku tí ó ti di amọ̀, àti òwú wẹ́wẹ́ tí ó ti há mọ́ inú. Ẹ̀rọ náà kò kú rárá. Òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, tàbí oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a fún un jẹ. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé yín ni pé ìtọ́jú tí ó ń mú ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́ kò ju ohun tí ọwọ́ yín fúnra yín lè ṣe lọ. Òróró díẹ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó, tí a kán sí ibi tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀RỌ FI Ń FẸ́ ÒRÓRÓ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ẹ bá ń rán ankara, tí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá wà nínú ínṣì kan, ínṣì 36 ni ó wà nínú yáàdì kan. Èyí já sí pé bí ojú rírán kan bá gùn tó yáàdì kan, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó sì ti jáde, ní ìgbà 360. Bí gbogbo ojú rírán tí ó wà lára aṣọ kan bá jẹ́ yáàdì mẹ́wàá, ó ti di ìgbà 3,600. Nínú gbogbo ìgbà wọ̀nyí, irin àti irin ni wọ́n jọ ń fara gbo ara wọn: ọ̀pá abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀, irin rìbìtì tí ń gbé òwú bọ́bìn sì ń yí nínú ilé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì gbo ara wọn kíákíá, kí ẹ sì rí i bí wọn yóò ti gbóná. Ẹ wá ta òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ tún gbo wọ́n: wọn yóò máa yọ̀ lórí ara wọn ni, ara kò sì ní í ta yín mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún irin. Òróró ń wà láàárín wọn kí ọ̀kan má baà jẹ èkejì. Níbi tí òróró kò bá sí, irin yóò máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀, ihò yóò máa fẹ̀, ọ̀pá yóò máa mì, abẹ́rẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ láìnídìí. Orúkọ méjì yìí sún mọ́ ara wọn púpọ̀ ní èdè wa: ẹ̀rọ ni à ń pè é, ẹ̀rọ̀ ni ó sì ń fẹ́.

Elias Howe gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ní ọdún 1846, Isaac Singer sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1851. Láti ìgbà náà wá, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ tí ń kọ́ ara wọn lọ́rùn nínú aṣọ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ilé. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ Singer àtijọ́ tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín, ìbáà jẹ́ Butterfly tí ẹ rà lọ́jà, ìbáà jẹ́ ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀, bákan náà ni ìtọ́jú wọn rí.

ÒRÓRÓ WO NI KÍ A LÒ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, ohun tí ó bá wà nítòsí ni wọ́n ń mú: òróró ẹ̀pà láti ilé ìdáná, àdín àgbọn láti orí tábìlì ìmúra, òmíràn tilẹ̀ ń lo epo pupa. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, yóò sì máa lọ wẹ́rẹ́, inú onílé yóò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn ìgò òróró tí ó wà ní ilé ìdáná yín. Ṣé kò máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́? Òróró tí ó ṣàn sílẹ̀ ní ẹnu ìgò náà ni afẹ́fẹ́ bá jà títí tí ó fi di gọ́ọ̀mù. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ yín. Òróró jíjẹ, láti ara èso ni ó ti wá. Bí ó bá pẹ́ lára irin, yóò ki, yóò lẹ̀, yóò sì mú gbogbo eruku tí ó bá ń kọjá lọ. Oògùn ọjọ́ kan ni. Àìsàn ọdún púpọ̀ ni ó ń dá sílẹ̀.

Ọ́ìlì ọkọ̀ náà kò yẹ. Ó ki jù fún àwọn ihò tóóró wọ̀nyí, dúdú rẹ̀ sì lè ba aṣọ jẹ́, pàápàá èyí tí a ti lò nínú ọkọ̀ rí. Fasilíìnì àti òrí kò lè wọ inú ihò náà rárá.

Òróró máṣíìnì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ní ọjà. Inú ike kékeré tí ẹnu rẹ̀ gùn ni ó sábà máa ń wà. Ó máa ń mọ́ kedere bí omi, ó sì máa ń fẹ́lẹ́. Bí ẹni tí ń tà á bá gbé èyí tí ó pọ́n tí ó sì ki wá, ẹ má ṣe gbà á. Ike kékeré kan lè lo oṣù púpọ̀ nínú ilé, nítorí náà kò sí ìdí tí a fi ní láti máa wá arọ́pò rẹ̀ ní ilé ìdáná.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ó bá a mu. Ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná fi ń lu ihò sára ògiri, gírísì tí ó ki ni wọ́n ń fi sí ìdí irin ìlùhò rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ líle ni ó ń ṣe, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì yóò sì dúró níbẹ̀. Bí baálé bá ní irú rẹ̀ nínú ilé, ẹ má ṣe yá gírísì rẹ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ má sì ṣe fún un ní òróró máṣíìnì yín.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ yan àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀, tí àwọn ọmọ ti sùn tàbí tí wọ́n ti lọ sí ilé-ìwé. Ẹ wá àkísà mímọ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí irun rẹ̀ rọ̀, àti àwo pẹrẹsẹ kan.

Èkínní, bí ẹ̀rọ yín bá ń lo iná mànàmáná, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́, kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìka yín wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ fa òwú kúrò, ẹ yọ abẹ́rẹ́ àti bọ́bìn, kí ẹ sì tú irin pẹrẹsẹ tí ó bo eyín tí ń fa aṣọ lọ. Gbogbo ìdè kéékèèké tí ẹ bá tú, inú àwo ni kí ẹ kó wọn sí. Ìdè tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá, agbára káká ni à ń fi í rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbá inú rẹ̀ mọ́. Ẹ ó rí òwú wẹ́wẹ́ tí ó ti dì pọ̀ láàárín eyín náà bí ìrépé aṣọ. Èyí ni kì í jẹ́ kí eyín yọ sókè dáadáa, tí aṣọ fi ń dúró lójú kan, tí òwú fi ń pọ̀ lójú kan náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí èémí ẹnu ní omi nínú, omi sì ni ọ̀tá irin. Ẹ wo ìdí irin rìbìtì tí ń gbé òwú bọ́bìn pẹ̀lú. Ègé òwú kan ṣoṣo tí ó há síbẹ̀ lè mú kí gbogbo ẹ̀rọ wúwo. Ìmọ́tótó yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú òróró. Ẹni tí ó bá kán òróró lé ìdọ̀tí lórí, amọ̀ ni ó ń pò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ohun tí ń rìn. Níbikíbi tí irin bá ti ń rìn lára irin, ibẹ̀ ni ẹ̀kán òróró kan yẹ kí ó wà. Ẹ ó rí àwọn ihò kéékèèké lórí apá ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó fún wọn. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn irin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ kán díẹ̀ sí ara ọ̀pá abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá ẹsẹ̀ tí ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó sì rí àwọn oríkèé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kán sí wọn bákan náà. Ilé irin rìbìtì náà ni kí ẹ má gbàgbé láéláé, nítorí òun ni ó ń sáré jù lọ: ẹ̀kán kan ní etí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kán sí oríkèé ibi tí ẹ ń tẹ̀, sí orí àti ìdí ọ̀pá tí ń gbé kẹ̀kẹ́ ńlá yí, àti sí àárín kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan láìfi òwú sí i, kí òróró lè dé ibi gbogbo. Ẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹ to gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì rán àkísà títí tí àbààwọ́n òróró kò fi ní í hàn lára rẹ̀ mọ́. Ẹ fi àkísà náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ di òwúrọ̀, kí ó lè fa èyí tí ó bá tún kán sílẹ̀. Lẹ́sì oníbàárà kọ́ ni ẹ ó fi dán an wò! Bí òróró bá sì ta sí aṣọ, ẹ tètè bu páúdà ìpara lé e lórí, kí ó fa òróró náà mu, kí ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá ń ránṣọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí ó fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní òróró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń rán ti ilé nìkan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, àti nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ti sinmi pẹ́.

IBI TÍ ÒRÓRÓ KÒ GBỌDỌ̀ DÉ

Òróró dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni ó yẹ ẹ́. Kò gbọdọ̀ kan àwo kékeré méjì tí ń di òwú òkè mú, nítorí òwú yóò máa yọ̀, rírán yóò sì máa tú. Kò gbọdọ̀ kan rọ́bà tí a fi ń yí òwú sí bọ́bìn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kan bẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì bá ti mu òróró, ẹsẹ̀ yín yóò máa tẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò ní í yí. Ẹ má ṣe kán an sínú mọ́tò oníná.

Àwọn ẹ̀rọ oníná titun kan wà tí ilé iṣẹ́ ti fi òróró sí inú wọn, tí ìwé tí ó bá wọn wá sì sọ pé kí a má ṣe fi kún un. Ẹ gbọ́ràn sí ìwé náà lẹ́nu.

BÍ Ẹ̀RỌ BÁ TI LE KOKO

Bí ẹ bá bá ẹ̀rọ yín tí ó ti dì, ẹ má ṣe fi agbára yí i, ẹ má sì ṣe fi òòlù kàn án. Bí ó bá jẹ́ onírin, ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí gbogbo ihò tí a dárúkọ lókè wọ̀nyí, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kẹrosíìnì yóò tú gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá rọra yí i, omi dúdú yóò máa ṣàn jáde. Ẹ máa nu ún. Bí ó bá ku díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í bọ́ ọ. Bí ó bá ti lọ tán, ẹ gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rọ náà ní òróró ojúlówó lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìhòòhò ni irin rẹ̀ wà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, jìnnà sí sítóòfù, àtùpà àti àbẹ́là. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì kan ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ jẹ́ ike.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni òróró ń wò. Bí ẹ̀rọ bá ń fo ẹsẹ̀ rírán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ tàbí tí ẹnu rẹ̀ kú a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 11 bá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mu, 14 bá ankara mu, 16 sì bá aṣọ tí ó nípọn mu. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ pe ẹni tí ń tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ti mọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ta irin tuntun fún un níbi tí irin àtijọ́ kò ti bàjẹ́.

ỌYẸ́ ÀTI ÒJÒ

Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wọ inú ilé láìkan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dàpọ̀ mọ́ òróró, bí ọlọ ni ó ṣe ń lọ irin. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lò ó, kí ẹ sì máa gbá a mọ́ léraléra ní àsìkò náà. Nígbà òjò, pàápàá ní Èkó àti ní àwọn ìlú etí òkun mìíràn, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí mọ́ ògiri tí ń sun omi. Ẹ fi àkísà tí òróró díẹ̀ wà lára rẹ̀ pa ara irin tí ó wà ní gbangba, kí ó má baà dógùn-ún.

Ẹ ṢỌ́ ỌMỌ YÍN

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ dákun, ẹ fi etí sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Òróró máṣíìnì mọ́ bí omi, kẹrosíìnì náà sì lè mọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe rọ èyíkéyìí nínú wọn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi láéláé. Ẹ gbé wọn sí ibi gíga tí a lè tì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti àwọn ìdè kéékèèké.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má ṣe mú kí ó bì, ẹ má sì ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì fún un gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Ewu tí ó tóbi jù nínú irú òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọmọ bá sì ń bì, ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ń là fún un. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí ohun tí ó mu, kódà bí ó bá dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ní ìparí, ẹ má ṣe dúró kí ẹ̀rọ pariwo kí ẹ tó dá a lóhùn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Iṣẹ́ tí a ṣàlàyé yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ nínú oṣù. Bí ẹ bá sì ń ṣe é, ẹ pe àwọn ọmọ yín tí wọ́n ti dàgbà sí ẹ̀gbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n máa wo bí irin ti ń rìn àti ibi tí òróró ń lọ. Ẹ̀rọ tí a bá tọ́jú báyìí lè rán aṣọ ilé-ìwé wọn lónìí, kí ó sì tún rán aṣọ ìkókó àwọn ọmọ tiwọn lọ́jọ́ iwájú.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní í bàjẹ́ o.